Gbèsè Bàbá Lọ́rùn Ọmọ

Ẹni tó bá ń wo fíìmù Íńdíà lálaalẹ́ mọ̀ pé wọn kì í fi ẹ̀jẹ́ ṣeré.

Nínú Mahabharata, ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ọba Shantanu fẹ́ fi Satyavati, ọmọ apẹja, ṣaya. Bàbá ọmọ yarí: àfi kí ọmọ tí Satyavati bá bí jọba. Àrẹ̀mọ ọba gan-an ló lọ bá apẹja náà. Ó búra pé òun ò ní jọba, òun ò sì ní gbéyàwó láéláé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bhishma. Ọmọ ló san gbèsè ìfẹ́ bàbá, àbí?

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí 1944. Jínádù, Olókùn-ẹṣin ọba, ló yẹ kó kú bá ọba lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ní January 1945, ó wọṣọ funfun, ó ń jó káàkiri ìgboro. Òyìnbó aláṣẹ ní kí wọ́n mú un, kó má baà kú. Ni Múránà ọmọ rẹ̀ bá kú dípò bàbá. Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà. Ṣóyínká náà kọ tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975.