Bí A Ti Í Mú Ọmọ Ẹtù Wọ Àárín Àwọn Àgbà Ẹtù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa)



Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn aṣọ òfì ilẹ̀ wa, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè wa na ọwọ́ sí agbádá ẹtù tí ó wọ̀, ó sì bi àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó ní ẹ̀yìn pé kí ni a fi sọ aṣọ náà ní orúkọ. Ọ̀kan sọ pé ẹran ìgbẹ́ ni. Èkejì sọ pé ti inú ìbọn ni. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ẹyẹ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, kì í ṣe sí àwọn ọ̀dọ́ náà, bí kò ṣe sí àwa tí a jẹ́ olùkọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé wa bẹ̀ mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹtù, èmi tí mo ti ń sìn ín láti ọdún mọ́kànlá, n kò lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni n óò sọ nípa rẹ̀, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa fi ẹtù sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì: bí a ti í mú àwọn ọmọ ẹtù wọ àárín àwọn àgbà tí wọ́n ti bá nílé, tí àwọn àgbà náà kò fi ní pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ olùkọ́ kan ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Ẹtu ni ẹran ìgbẹ́. Ẹ̀tù ni a ń rọ sínú ìbọn. Ẹtù, tí àwọn kan ń pè ní awó, ni ẹyẹ dúdú rẹ́súrẹ́sú tí ó dà bí ẹni pé a fi ẹfun wọ́n ọn lára láti ọrùn dé ìdí. Aṣọ náà, tí a pa òwú rẹ̀ láró títí ó fi dúdú, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò dúdú tó bẹ́ẹ̀ sì là á kọjá, jọ ìyẹ́ ẹyẹ yìí ní tòótọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pè é ní adìẹ Númídíà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ etí òkun Gínì, ìhà tiwa yìí, pè é títí di òní. Àwọn Potogí kó o lọ sí Yúróòpù láti etí òkun yìí, àwọn ọkọ̀ tí ó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú sì gbé e kọjá òkun. Ní Kúbà, àwọn tí ó di ẹ̀sìn àwọn baba ńlá wọn mú ṣì ń pè é ní etú. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ẹyin ẹtù tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri lójú títì, Òkè Ọya ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá.

Mo fẹ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi fún yín nísinsìnyí. Ẹtù mẹ́sàn-án ni a ní nígbà náà ní ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni, akọ mẹ́ta, abo mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba ẹyin ẹtù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi wọ́n fún adìẹ méjì láti sàba lé, ó sì tọ́ ọmọ 16 di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ ẹtù rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Òtútù àti ilẹ̀ tútù ni ikú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ooru tí wọ́n ń fẹ́ tó ìwọ̀n 35 ti Celsius. Àwo omi wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ, kí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn óò rì sínú rẹ̀. Ọmọ yìí a máa hú ikán fún wọn ní ìdájí. Bí òjò bá sì ṣú nígbà tí ó wà ní kíláàsì, a ó rí i tí ó ń wo ojú fèrèsé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé ilẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Keje ọdún náà, àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ wá wo ọgbà wa. Mo fẹ́ kí ó bá agbo ẹtù kan ṣoṣo tí ó pọ̀, tí ó sì wu ojú. Mo pàṣẹ pé kí a da àwọn ọmọ náà mọ́ àwọn àgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ọmọ náà wí fún mi pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, wọn kò tí ì mọ ara wọn." Mo dá a lóhùn pé ẹtù ni gbogbo wọn.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, mẹ́rin ti kú. Márùn-ún sá wọ igbó tí a kò sì rí wọn mọ́. Méje ni a rí kó jọ ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì ti fọ́ lójú kan. Àlejò náà kò tilẹ̀ dé ibi ẹtù. Mo bẹ ọmọ náà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé níwájú wọn ni mo ti pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó tún wá sí ibi àgò ẹtù.

Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹtù kò gbọ́ òwe yìí. Lójú ẹtù, ẹtù tí kò bá mọ̀ kì í ṣe ẹtù. Ọ̀tá tí ó wá jẹ ọkà rẹ̀ ni. Wọ́n ní ipò láàárín ara wọn, ẹni tí ń kọ́kọ́ jẹun, ẹni tí ń sùn ní ẹ̀ka òkè, ẹnìkínní sì mọ ẹnìkejì ní ojú àti ní ohùn. Ní àkókò òjò, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìgbà náà ni wọ́n ń yé ẹyin, tí akọ kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ abo tirẹ̀, tí ó sì ń lé gbogbo ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Oṣù Keje ni èmi yàn! Bí mo bá wá ọjọ́ tí ó burú jù lọ nínú ọdún, n kì bá tí rí òmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó ti ń sin ẹtù kí n tó bẹ̀rẹ̀, sọ fún mi pé òun kì í ṣe wàhálà kankan, pé àwọn ọmọ ẹtù òun ń wọ agbo fúnra wọn. Òtítọ́ ni ó sọ. Abo ẹtù ni ó ń pa ọmọ tirẹ̀ nínú oko rẹ̀. Ọmọ tí abo bá fúnra rẹ̀ kó wọ agbo, àwọn àgbà kì í sábà bá a jà, àwọn akọ a tilẹ̀ máa bá a ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n abo ẹtù kan náà ni yóò fa àwọn ọmọ rẹ̀ gba inú koríko tí ìrì sẹ̀ sí ní kùtùkùtù, tí wọn óò sì máa kú lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láì bojú wẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń fi ẹyin rẹ̀ fún adìẹ. Adìẹ ń sàba lé e fún ọjọ́ 26 sí 28, ọjọ́ márùn-ún sí méje lé ti ẹyin tirẹ̀, ó sì ń tọ́jú ọmọ dáadáa. Àmọ́ adìẹ kò lè fi ọmọ ẹtù han àwọn ẹtù. Iṣẹ́ náà di tiwa.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọmọ náà padà wá, àwa méjèèjì sì jọ ṣe é. A fi ẹyin fún adìẹ kí ọmọ lè jáde ní oṣù Keje. Ọmọ 14 jáde. Òtútù pa méjì. A gbé àgò wọn sí ibi tí wọn óò ti máa gbọ́ ohùn àwọn àgbà láti kékeré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ìyẹ́ ti bò wọ́n; ní àárín oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ tí àwọn àgbà kò sì yé ẹyin mọ́, ara wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbà. Nígbà náà ni a fi àwọ̀n wáyà gé igun kan nínú ilé ẹtù, a sì kó wọn síbẹ̀. Ojú ń rí ojú, ṣùgbọ́n ẹnu kò kan ara. A ń da ọkà bàbà sí ẹ̀gbẹ́ wáyà ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n lè máa jẹun ní ìfojúkojú. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn akọ ń fi ara lu wáyà náà. Ó sú wọn. Ẹtù olójú kan ti ọdún tí ó kọjá ni ó kọ́kọ́ lọ sùn ní ẹ̀gbẹ́ wáyà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi wọ́n síbẹ̀, kí a tó ṣí i. Ìrọ̀lẹ́ ni a ṣí i, nígbà tí gbogbo ẹyẹ ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí, tí kò sì sí ẹni tí ó ráyè ìjà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn óò rí i pé àwọn ti jọ sùn. Gbogbo àwọn 12 ni a tú sílẹ̀ pọ̀. Ẹ má ṣe tú ọ̀kan ṣoṣo láé, nítorí òun nìkan ni gbogbo ìyà yóò jẹ. A pọ̀ sí àwọn igi ìwọ̀sùn, a gbé àwo oúnjẹ mẹ́rin kalẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà síra, a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ti ara ògiri káàkiri kí ẹni tí a bá ń lé lè rí ibi sá sí. Igun ilé ni ó léwu jù, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń há wọn mọ́; a fi pákó dí wọn.

Lílé díẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dá sí. Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Akọ àgbà kan wà tí kò yé fi ẹnu ṣá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lórí. A mú akọ náà, a sì dé àgò mọ́ ọn fún ọjọ́ méje. Nígbà tí ó padà, òun ni ó di àlejò. Àwọn ìjòyè wa ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò, ṣùgbọ́n n kò wá láti wàásù lónìí.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: bí ó bá ṣe pé ọjà ni ẹ ti ra ẹtù, ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ fún oṣù kan, níbi tí ó jìnnà sí àwọn ti ilé, kí ẹ lè mọ̀ bí àrùn bá wà lára rẹ̀, kí ẹ tó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ wáyà rárá. Ẹ sì fi etí sí igbe wọn kí ẹ lè mọ iye akọ tí ẹ ní: abo ni í ké igbe alápá méjì, akọ kì í ké e.

Nínú àwọn 12 náà, kò sí èyí tí ó kú. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ti di olùkọ́, ó sì ń sin ẹtù tirẹ̀ níbi tí ó wà. Ẹtù olójú kan ṣì ń yé ẹyin. Ní oṣù Kẹfà tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, n óò ní ẹyin tí n óò fi fún ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ yìí láì gba owó. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ó sì wá adìẹ tí ó mọ̀ ọ́n sàba sílẹ̀.