Ẹ̀rọ Ayàwòrán Olójú Kan ti Le Prince

Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ sinimá, orúkọ Thomas Edison ará Amẹ́ríkà, àti ti àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé, ni ó máa ń gba ẹnu ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ kan ti ya àwòrán tí ń rìn ní 1888, ọdún méje kí àwọn Lumière tó gba owó lọ́wọ́ èrò ìwòran ní Páríìsì. Louis Le Prince, ọmọ Faransé tí a bí ní Metz ní 1841, ni ó hùmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ó ti kọ́kọ́ ṣe ní ojú mẹ́rìndínlógún, tí wọn yóò máa ya àwòrán ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ohun tí ojú apá òsì rí kò bá ti apá ọ̀tún dọ́gba, àwòrán a sì máa ta gìrì. Ni ó bá dín in kù sí ojú kan ṣoṣo. Igi mahogany, tí í ṣe ẹbí ọ̀gànwó, ni ó fi kan àpótí rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ń fi ọwọ́ yí i, bébà Eastman tí a fi oògùn pa lára a kọjá lẹ́yìn ojú náà: a dúró díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ bà á, a sì tún sún síwájú. Dídúró àti sísún yìí gan-an ni àṣírí sinimá.

Ní oṣù kẹwàá 1888, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọgbà àwọn àna rẹ̀ ní Roundhay, ó sì ya ènìyàn mẹ́rin bí wọ́n ti ń rìn káàkiri. Ọmọ rẹ̀ Adolphe wà níbẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Sarah Whitley, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà ni ìyá yìí kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lórí ọjọ́ àwòrán náà, ibojì yẹn ni kí ó kọ́kọ́ bá wí.

Ọ̀ràn ìwé àṣẹ ni ó ba nǹkan jẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 1888, ẹ̀rọ olójú púpọ̀ nìkan ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lé lórí. Wọ́n yọ ti olójú kan kúrò. Ní oṣù kẹsàn-án 1890, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Dijon, ó ń lọ sí Páríìsì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ń tọ́ka sí Edison, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí, kò sì yẹ kí a máa fi àhesọ ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Nígbà tí Edison pe ilé iṣẹ́ American Mutoscope lẹ́jọ́ ní 1898, Adolphe jẹ́rìí nípa iṣẹ́ baba rẹ̀. Edison borí ní 1901, ọdún tí Adolphe kú. Ní 1902, ilé ẹjọ́ gíga yí ìdájọ́ náà padà.

Ní 1930, ọmọbìnrin Le Prince, Marie, fi ẹ̀rọ olójú kan náà ta ilé ìkóhun-ìmọ̀-sáyẹ́ǹsì-sí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ni a gbé e lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Bradford, tí kò jìnnà sí Leeds. Nínú àwòrán Roundhay, ogún péré ni ó ṣẹ́kù. Bí a bá yí wọn, wọn kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, Sarah Whitley sì wà nínú wọn tí ó ń fi ẹ̀yìn rìn lórí koríko.