Ká Sanwó Ọlọ́fì Ká Tó Ka Èrè Wa

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níwájú àwọn oníṣòwò aṣọ òfì ní ìpàdé gbogbogbò

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ òwú àti òfì, ká lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ fún àwọn tí kò ráyè wá. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ìdí aṣọ ni mo dàgbà sí. Ohun tí ojú mi rí, àtèyí tí mo bá lẹ́nu àwọn àgbà, ni màá sọ.

Àwọn àgbà ní òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ràn. Fún àwa, èyí kì í ṣe òwe lásán. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, obìnrin ló ń ṣa òwú lóko, tó ń yọ hóró inú rẹ̀, tó ń gbọ̀n ọ́n, tó ń ràn án di fọ́nrán. Obìnrin náà ló ń gún ewé ẹ̀lú, tó ń fi omi eérú rẹ òwú náà láró. Lẹ́yìn náà ló máa wá dé ọwọ́ ọkùnrin tó jókòó sídìí òfì. Àwọn obìnrin ní òfì tiwọn pẹ̀lú, èyí tó ń dúró lóòró, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Nígbà tí ọlọ́fì bá hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, aránṣọ á so ó pọ̀, obìnrin á sì tún gbé e lọ sọ́jà.

Ẹ wo ẹtù, òwú tí a rẹ láró títí ó fi dúdú ni. Sányán, láti ara kòkòrò inú igbó la ti ń rí òwú rẹ̀. Àlàárì pupa, àwọn oníṣòwò ló ń gbé òwú rẹ̀ gba inú aṣálẹ̀ wá láti òkè lọ́hùn-ún. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ṣe.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1825, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton gba ilẹ̀ wa kọjá, ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Nígbà tó dé Ìjànà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí òfì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nínú ilé kan ṣoṣo, aṣọ wọn sì dára. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà mọ̀ pé aṣọ òfì wà nínú ẹrù tí àwọn bàbá àti ìyá yín kọ́kọ́ rù lọ sí Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń ṣòwò, títí di November 1969 tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ òfì ò tìtorí ìyẹn parẹ́.

Òwú ilé iṣẹ́ náà dé. Ó tinrin, ó ti láwọ̀ tẹ́lẹ̀, ni a bá gbé òwú rírán jù sílẹ̀. Òwú dídán tí à ń pè ní ṣáín-ṣáín tẹ̀lé e. Mi ò bú u, òun ló sọ aṣọ òfì di fífúyẹ́ tí àwọn ọmọ wa fi ń wé gèlè. Àmọ́ òwú tó ń wá látòkèèrè, owó dọ́là ló ń tẹ̀lé, ọwọ́ wa ò ká iye rẹ̀. Ní 2007, ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá tó ń jẹ́ UNTL ní Kàdúná ti ilẹ̀kùn, ó di 2010 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ̀rọ ńlá dúró, òfì igi ò dúró.

Kí ló wá ń bà mí lẹ́rù? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Oníbàárà á wá, á ní òun fẹ́ aṣọ ẹbí ọgọ́ta ènìyàn, ìyàwó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á fún wa ní owó díẹ̀. A ó gbé òwú fún ọlọ́fì, a ó ní kó má sùn. Ẹ̀yìn ń ro ó, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó bá wa parí ẹ̀. Sátidé dé, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n jó, wọ́n ná owó fún onílù. Ọlọ́fì wá gba owó ọwọ́ ẹ̀, a ní kó ní sùúrù, oníbàárà ò tíì san tán. Ẹ̀yin ènìyàn mi, sùúrù ò ṣe é se lọ́bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ọmọkùnrin náà á ta òfì rẹ̀, á gun ọ̀kadà lọ. A ó wá máa kígbe pé aṣọ ń pẹ́, pé aṣọ fẹ́lẹ́. Ta ló lé e lọ?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Akọ̀wé, oníbàárà ò sanwó fún èmi náà, níbo ni kí n ti rí i?" Òótọ́ ni. Ẹnì kan ò lè dá a ṣe. Bí èmi nìkan bá ní kí oníbàárà san ìdajì, ṣọ́ọ̀bù kejì ló máa yà sí. Àfi bí gbogbo wa bá ní in lẹ́nu.

Ní ìlú Ahmedabad ní India, lọ́dún 1972, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ela Bhatt kó àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn alátà jọ. Ẹgbẹ́ náà ló ń jẹ́ SEWA. Báǹkì ò fẹ́ yá wọn lówó. Ní 1974, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin obìnrin dá rupee mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n fi dá báǹkì tiwọn sílẹ̀. Èésú tí àwa náà ń dá nìyẹn, tiwọn kàn gbòòrò ni. Ní Ghana níbí, wọ́n di kente wọn mú títí àjọ UNESCO fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àṣà ìran ènìyàn ní 2024.

Nítorí náà mo gbé nǹkan márùn-ún wá síwájú yín.

Èkíní, ká má gbé òwú kankan fún iṣẹ́ aṣọ ẹbí láìjẹ́ pé oníbàárà ti san ìdajì.

Èkejì, ọjọ́ tí aṣọ bá kúrò lójú òfì ni ká san owó ọwọ́ ọlọ́fì. Ká kọ ọ́ sínú ìwé: orúkọ, àwọ̀, iye aṣọ, ọjọ́, owó. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́, kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ká dá èésú òwú. Bí a bá pawọ́ pọ̀ ra òwú, ẹni tó ń tà á fún wa ò ní máa fowó lé e bó ṣe wù ú.

Ẹ̀kẹrin, ká má pe aṣọ ẹ̀rọ ní òfì. Ẹni tó fẹ́ tà á, kó tà á, àmọ́ kó pè é lórúkọ rẹ̀. Oníbàárà tí a bá tàn lẹ́ẹ̀kan, á bá gbogbo ọjà jà.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn ọlọ́fì ní àga nínú ìpàdé wa, ọkùnrin kan, obìnrin kan, torí àwọn ọmọbìnrin náà ti ń jókòó sídìí òfì báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa wọn.

Iye èésú náà, ẹ̀yin lẹ máa dá a. Ẹ lọ rò ó délé, ẹ bi ọlọ́fì yín bó ṣe rí fún un. Ní ìpàdé tó ń bọ̀ a ó dìbò lé e níkọ̀ọ̀kan. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọjà wa, kò ní jẹ́ ká rí iná, kò ní jẹ́ ká rí olè.