Kí Ẹ Tó Ránṣẹ́ Pe Mẹkáníìkì
(Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ ní Tápà)

 

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn ẹ̀rọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́: ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ọ̀kadà tó ń kó ẹrù láti oko, àti jẹnẹrétọ̀ ilé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kò mọ sùúrù. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá kọ̀ tí kò sitáàtì, tí ẹ̀gẹ́ ìyá mẹ́rin márùn-ún wà nílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ló fẹ́ ṣòfò yẹn. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó dá ẹ̀rọ dúró kò ju ìdọ̀tí lọ.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù ń bèèrè lọ́wọ́ wa: epo, iná, àti atẹ́gùn. Ẹ yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fo ọ̀kankan.

1. EPO. Ẹ ṣí táǹkì wò. Ṣé epo wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ti ṣí táápù epo? Àwọn kan á fa okùn títí apá á fi máa ro wọ́n, táápù á sì wà ní títì. Lẹ́yìn náà, ẹ bu epo díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kó dúró. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, omi á wà nísàlẹ̀, epo á wà lókè. Ẹ má lo irú epo bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo epo burúkú ni ìgò lè fi hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ó sì ba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Nítorí náà, ẹ máa rántí ibi tí ẹ ti ra epo. Tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́yìn tí ẹ rọ epo tuntun, epo yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

2. INÁ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fi sípánà rẹ̀ tú púlọ́ọ̀gì. Ojú púlọ́ọ̀gì á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún yín. Bó bá tutù tó ń rùn epo, epo ti pọ̀ jù: ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un dán wò láìfa ṣóòkì. Bó bá dúdú fún èédú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bó bá gbẹ táútáú lẹ́yìn tí ẹ ti fa okùn dáadáa, epo kò dé ibẹ̀ ni, kábúrétọ̀ tàbí ọ̀pá epo ló ti dí.

3. ATẸ́GÙN. Eruku ọyẹ́ àti ti oko máa ń dí fílítà. Èyí tó jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún un. Èyí tó jẹ́ bébà, ẹ gbọn eruku rẹ̀ ni o, ẹ má fi omi kàn án. Ẹ má sì yọ fílítà sọnù. Eruku á wọlé, á máa jẹ inú ẹ́ńjìnnì bíi yanrìn.

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì bíi ti bẹntiróòlù. Àrùn tiwọn ni pé bí epo bá tán pátápátá, atẹ́gùn á wọ ọ̀pá epo. Bí ẹ tilẹ̀ rọ epo kún táǹkì, kò ní sitáàtì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára fílítà epo díẹ̀, kí epo máa ṣàn jáde títí kò fi ní í hó mọ́, kí ẹ sì dè é padà. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ má jẹ́ kí epo tán nínú rẹ̀.

Ẹ yẹ ọ́ìlì wò láràárọ̀, kí ẹ tó sitáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, ìdá 1 ọ́ìlì sí ìdá 50 bẹntiróòlù ló sábà máa ń gbà. Ìyẹn ni mílílítà 100 ọ́ìlì fún lítà 5 bẹntiróòlù. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, píísítìnì á há. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á bò yín, púlọ́ọ̀gì á sì máa dí.

Ẹ GBỌ́ ÌKÌLỌ̀ YÌÍ O. Bẹ́líìtì tó ń yí kò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Ẹ so ìró yín mọ́ra, ẹ ká apá aṣọ sókè. Bí ẹ̀gẹ́ bá há, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ má rọ bẹntiróòlù sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì gbóná. Ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lábẹ́ fèrèsé, kódà bí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ó ti pa odindi ìdílé lójú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí ẹ pe mẹkáníìkì? Bí ẹ bá gbọ́ ìró irin tó ń kan irin, bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ, tàbí bí ẹ ti yẹ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò tí kò sitáàtì. Ẹ má tú inú rẹ̀ fúnra yín. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ á yá, owó yín á sì dínkù.

Ohun kan la fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe kí ẹ tó tún wú ẹ̀gẹ́. Ẹ dáwó jọ, kí ẹ ra púlọ́ọ̀gì tuntun kan, bẹ́líìtì kan, fílítà kan àti sípánà púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi wọ́n sọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo yín fọkàn tán. Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ẹ̀gẹ́ kọ́ la ń wá bẹ́líìtì.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbéèrè, ẹ dìde kí ẹ bèèrè. Oko á gbè wá o.