Ẹni Tí A Ti Mọ̀ Sí Olè Rí àti Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ ní Àtìmọ́lé

Bí olè bá jà ní ọjà Mile 12 lóru, ilé ẹni tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ni àwọn ènìyàn a kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ó lè jẹ́ pé òun náà ni; ó sì lè jẹ́ pé ó sùn sí ilé rẹ̀ ní Ìkòsí. Ọlọ́pàá lè mú un bí ìfura náà bá ní ìdí. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè fi í sí àtìmọ́lé?

Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 35, sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí a ti mú ènìyàn, kí a gbé e dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Láti Kétu tàbí Mile 12 dé ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ògùdù kò sún mọ́ iye yìí rárá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ní Kòsọ́fẹ́ pé ilé ẹjọ́ jìnnà. Ṣùgbọ́n òfin yọ ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú sílẹ̀, ìdigunjalè sì lè wà lára rẹ̀. Nítorí náà, orúkọ tí a bá fún ẹ̀sùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní ayé ìjọba ológun, májísíréètì kan ní Èkó fi Johnson àti àwọn mìíràn sí àtìmọ́lé lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba, ẹ̀sùn tí òun fúnra rẹ̀ kò ní agbára láti gbọ́. Johnson pe òfin tí ó fún un láyè níjà. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbè é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, nínú ẹjọ́ Lufadeju àti Johnson, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní fífi afurasí pa mọ́ kì í ṣe gbígbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀ràn olè kọ́ ni ti Johnson, ṣùgbọ́n ó kan olè pẹ̀lú: ilé ẹjọ́ ni ó ni àṣẹ náà, kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan.

Bí ọlọ́pàá bá sì ń bẹ̀rù pé olè àtijọ́ yóò tún jalè ńkọ́? Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ronú sí i: kí a mú un wá síwájú májísíréètì, kí ó sì wá onídùúró fún ìwà rere rẹ̀.

Ẹni tí a bá tì mọ́lé láìbófinmu lè gba owó ìtanràn àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Lábẹ́ ìlànà ọdún 2009, ẹlòmíràn lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní orúkọ rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ fún aláìní ní ọ́fíìsì tí a ń pè ní Office of the Public Defender. Kí ẹbí tí ó bá ń lọ síbẹ̀ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a mú ènìyàn wọn sínú ìwé, àti orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá náà.