Ìdámẹ́wàá: Ẹni Tó San, Ẹni Tó Gbà

(Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbà á, wọ́n sì rọra lọ sílẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Alẹ́ Sátidé ni, ọ̀la ni Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù. Àwọn ọmọ ti sùn. Ìyá tú owó ọjà sórí ibùsùn, ó ń tò ó: igba náírà lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́tọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́tọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà ni àpòòwé funfun kan wà tí wọ́n tẹ orúkọ ìjọ sí lára. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ, nọ́ńbà káàdì àti iye owó.

Ọjà tó tà lóṣù náà tó ₦600,000. Àmọ́ owó apẹ̀rẹ̀ ata, owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó ìsọ̀ ti gba ₦540,000 nínú rẹ̀. Èrè tó kù jẹ́ ₦60,000. Bó bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá èrè, ₦6,000 ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ lẹ́nu oníwàásù kan pé gbogbo owó tó bá ti wọlé lèèyàn gbọ́dọ̀ pín sí mẹ́wàá kó tó yọ ìnáwó kankan. Bó bá tẹ̀ lé ìyẹn, ₦60,000 ni yóò san. Èrè oṣù kan lọ tán nìyẹn, kò ní í ku kọ́bọ̀ tí àwọn ọmọ yóò fi jẹun.

Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì kọ nǹkan kan.

Irú ìṣirò yìí ń lọ nílé oníṣòwò, nílé oníṣẹ́ ọwọ́ àti nílé òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024, ìyẹn ₦70,000, yóò yọ ₦7,000. Ọ̀rọ̀ náà gba ìgboro lọ́dún 2017, nígbà tí Ifedayo Olarinde, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Daddy Freeze, ń sọ ní gbangba pé kò sí òfin ìdámẹ́wàá lọ́rùn Kristẹni. Àwọn kan ní ó tú àwọn sílẹ̀ lóko ẹrú. Àwọn mìíràn ní ó fẹ́ tú ìjọ ká. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ìbéèrè kan ló gba ẹnu gbogbo ayé: ṣé dandan ni ká san án? Ìbéèrè kejì kò rí ẹni gbé e: kí ni ojúṣe ẹni tó ń gbà á?

(Ìlù díẹ̀.)

Ogun ni Ábúráhámù ti ń bọ̀ nígbà tí Bíbélì kọ́kọ́ dárúkọ ìdámẹ́wàá. Nínú ìkógun rẹ̀ ló ti fún Mẹlikisédékì, ọba Sálẹ́mù, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìgbà tí òfin Mósè dé ni ó wá di ìlànà. Ọkà, wáìnì, òróró àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń san. Àwọn ọmọ Léfì tí kò ní ìpín ilẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì ló ń gbà á, nítorí iṣẹ́ àgọ́ ìpàdé ni iṣẹ́ wọn. Àwọn náà kò sì gbà á jẹ lásán: ìwé Númérì, orí 18, ní kí àwọn pẹ̀lú yọ ìdámẹ́wàá nínú ìdámẹ́wàá tí wọ́n bá gbà.

Diutarónómì, orí 14, tún la ọ̀nà mìíràn. Ìdílé tó mú ìdámẹ́wàá irè oko wá yóò jókòó jẹ nínú rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, tọkọtaya, tọmọtọmọ. Bí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ohun tó bá wù wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n bá débẹ̀. Lọ́dún kẹta-kẹta, inú ìlú wọn gan-an ni wọn yóò kó o jọ sí, kí ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ òrukàn àti opó wá jẹ àjẹyó.

Málákì, orí 3, ni ọ̀pọ̀ Kristẹni mọ̀ lórí, níbi tí wòlíì ti fi ẹ̀sùn olè kan àwọn tí kò mú ìdámẹ́wàá wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ mẹ́ta péré ṣáájú ibẹ̀, wòlíì kan náà ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń rẹ́ alágbàṣe jẹ lówó iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ni opó àti ọmọ òrukàn lára. Nínú ìwé Mátíù, Jésù bá àwọn akọ̀wé òfin wí lórí ọ̀nà kan náà: wọ́n ń yọ ìdámẹ́wàá ewé ọbẹ̀, wọ́n sì pa ìdájọ́ òdodo, àánú àti ìgbàgbọ́ tì. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń gba owó jọ fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, kò dárúkọ ìdámẹ́wàá rárá. Ohun tó sọ ni pé kí kálukú mú èyí tó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ wá.

Láti ibẹ̀, ìtàn náà gba Yúróòpù kọjá. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé ní Mâcon, ní ilẹ̀ Faransé òní, lọ́dún 585, sọ ọ́ di dandan. Nígbà tó yá, àwọn ọba fi òfin ìjọba tì í lẹ́yìn. Ní England, àgbẹ̀ ń kó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìkórè rẹ̀ sínú aká ìjọ títí di 1836, nígbà tí òfin kan sọ ọ́ di owó. Ní Ireland, láàárín 1831 sí 1836, ẹ̀jẹ̀ ṣàn lórí rẹ̀, torí pé wọ́n ń fipá gba ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Kátólíìkì fún ìjọ Áńgílíkà tí wọn kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ọdún 1936 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London tó fòpin sí owó ìdámẹ́wàá ní England, tí wọ́n sì ṣètò bí àwọn onílẹ̀ yóò ṣe máa san àṣẹ́kù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

(Orin ìjọ pẹ̀lú dùùrù, ó lọ sílẹ̀.)

Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní 1843, orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ ṣì ń bá wàhálà ìdámẹ́wàá yìí yí. Ohun tó wá fìdí múlẹ̀ nínú àwọn ìjọ ilẹ̀ wa yàtọ̀ díẹ̀. Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní London, fẹ́ kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kó sì máa tan ìyìn rere fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó kíláàsì, ìyẹn owó tí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ń san déédéé, ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀. James Johnson, àlùfáà tí wọ́n bí ní Sierra Leone ṣùgbọ́n tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn jù lọ, nítorí ó gbà pé ìjọ tí òyìnbó bá ń bọ́ kò lè dá dúró. Àwọn ìjọ tó yapa lẹ́yìn náà, bíi Native Baptist lọ́dún 1888 àti African Church lọ́dún 1901, owó àpò àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n fi dúró.

Owó kíláàsì náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí nílẹ̀ Yorùbá ló mọ ìtàn yìí. Òkú bàbá wà ní mọ́ṣúárì, wọ́n ti rán aṣọ ẹbí, wọ́n ti san owó olórin. Akọ̀wé ìjọ ṣí ìwé ńlá kan, ó fìka tọ ìlà orúkọ olóògbé, ó ka ọdún tí kò fi san nǹkan. Àfi kí àwọn ọmọ san gbèsè náà tán kí àlùfáà tó lè wọ aṣọ ìsìn. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá àìsàn ló dá bàbá dùbúlẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé owó ìjọ kò ṣe rere kankan kò tíì rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1907 ṣì ń tọ́jú aláìsàn dòní, òun ló di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen. Ìjọ ló ni Yunifásítì Babcock, Ajayi Crowther, Covenant àti Redeemer's. Ọrẹ àti ìdámẹ́wàá àwọn ọmọ ìjọ wà nínú bíríkì irú ilé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀dùn ọkàn kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ òbí tó fi ogún ọdún san ìdámẹ́wàá kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ tirẹ̀ kọ́.

Ìjọ Adventist, tó dé Erúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn lọ́dún 1914, ní ètò tó yẹ ká wò dáadáa. Ìjọ ìbílẹ̀ kì í ná ìdámẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè sí ọ́fíìsì àwọn alákòóso ìjọ, tí wọ́n á kọ rìsíìtì fún ẹni tó san án. Láti òkè ni wọ́n ti ń san owó oṣù àwọn pásítọ̀ ní ìlànà kan náà, kí èyí tó wà lábúlé má baà pebi torí pé àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú ìjọ rẹ̀. Ọrẹ mìíràn ni wọ́n fi ń tún òrùlé ṣe, tí wọ́n fi ń sanwó iná. Pásítọ̀ kan ṣoṣo kò lè dá ná owó náà bó ṣe wù ú.

Níbi tí irú ìdè bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ewu wà. Ìjọ KICC ní London, tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, tí Yorùbá sì pọ̀ nínú rẹ̀, fi £5,000,000 lé Richard Rufus lọ́wọ́ láàárín 2009 sí 2010. Agbábọ́ọ̀lù ni tẹ́lẹ̀, ó sì ń jọ́sìn láàárín wọn. Ó ṣèlérí èrè ńlá. £3,900,000 nínú owó náà ló ṣòfò. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje ààbọ̀ fún jìbìtì tó lu ìjọ àti àwọn mìíràn. Owó àwọn nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti agbálẹ̀ wà nínú ohun tí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀.

Ìdí tí gbogbo ayé fi mọ̀ nípa òfò náà ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú lábẹ́ òfin. Ìjọba ń fi pẹ́nsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá fi sílẹ̀, nípasẹ̀ ètò Gift Aid, ṣùgbọ́n àjọ Charity Commission lè wọlé wá yẹ ìwé wò. Ìṣirò owó àwọn ìjọ ńlá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Nígbà tí òfin CAMA 2020, tó wà fún ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, fẹ́ fún ìjọba Nàìjíríà ní agbára láti yọ àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ tó bá ṣe màgòmágó nípò fúngbà díẹ̀, CAN, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ní ìdí, nítorí ìjọba tí kì í ṣí ìwé tirẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán pẹ̀lú ìwé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ kò sọ ẹni tí ọmọ ìjọ yóò lọ béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìbẹ̀rù ọ̀run àpáàdì tí àwọn oníwàásù kan fi ń gba ìdámẹ́wàá, ohun kan ti ń yí padà. Ní oṣù kẹfà 2022, Creflo Dollar, gbajúmọ̀ oníwàásù ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, sọ fún ìjọ rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ tí òun ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ wọn lórí ìdámẹ́wàá kò tọ̀nà, kí wọ́n da àwọn ìwé àti téèpù rẹ̀ nù. Ní ìparí 2024, Pásítọ̀ Enoch Adeboye, olórí ìjọ Ìràpadà, tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tó ti sọ sẹ́yìn pé ẹni tí kò bá san ìdámẹ́wàá kò ní í dé ọ̀run. Kò ní kí wọ́n má san án mọ́. Ohun tó sọ ni pé ìdájọ́ yẹn kò sí nínú Bíbélì. Kó tó di pé àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ, ó gba ìgboyà, ó sì yẹ ká yìn ín.

(Ìlù padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.)

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ ìyá aláta wa. Ó ti kọ ₦6,000 sára àpòòwé. Ó ká ₦2,000 mìíràn lọ́tọ̀ fún opó tó wà ní yàrá kejì, ó so ìyókù mọ́ ìdí aṣọ. Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró níwájú tábìlì akápò, ó na àpòòwé náà sí wọn tọwọ́tọwọ́, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Bàbá Akápò, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo la máa ka ìṣirò ọdún yìí sétí ìjọ?”

Bàbá Akápò wò ó. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n sì fa dúrọ́ọ̀ tí ìwé wà nínú rẹ̀.

(Orin dìde, ó sì parí.)