Hítà Ògbólógbòó Inú Ilé: Owó Tí A Kò Rí
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

A kò fẹ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù lónìí. Akọ̀wé ti ka èyí tí ó kàn yín, ẹ sì ti pariwo lé e lórí tó. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ni ti owó tí ó ti wọ ọwọ́ wa tán, tí ó sì tún ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amómigbóná ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní hítà.

A rí àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì àti bọ́ìlìn rìǹgì ni òṣìṣẹ́ fi ń wẹ̀. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé fúláàtì tí onílé ti gbé hítà kọ́ sí ògiri ilé ìwẹ̀ kí a tó kó dé, àwọn mìíràn sì ra tòkunbọ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí omi bá sáà ti ń gbóná, a ní ó ń ṣiṣẹ́.

Tiwa nílé, lítà 50 ni ó ń gbà, 1500 watts ni wọ́n sì kọ sí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fojú bu owó iná fún wa, a kò mọ ohun tí ó ń jẹ. Iná pàápàá kì í pẹ́ tí ó fi ń lọ. Àwọn tí ń mú iná lọ ni wọ́n ń bá wa pa hítà náà. Nígbà tí wọ́n wá fún wa ní mítà tí a ń ra káàdì sí, tí àdúgbò wa sì bọ́ sí Band A níbi tí iná gbọ́dọ̀ ti wà fún wákàtí 20 lójúmọ́, káàdì tí ó yẹ kí ó gbé wa dé ìparí oṣù kò kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. A fura sí firíìjì. A fura sí àwọn ọmọ àti tẹlifíṣọ̀n wọn, a tilẹ̀ bá wọn wí láìṣẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn pé a jẹ́wọ́. Ìyá àwọn ọmọ ló sọ lóru ọjọ́ kan pé kí a pa ohun gbogbo tí a mọ̀, kí a lọ wo mítà. A pa wọ́n, síbẹ̀ iná pupa kékeré ara mítà ń ṣẹ́jú. Hítà ni, ní agogo méjì òru, nígbà tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ wẹ̀.

Omi inú táǹkì máa ń tutù díẹ̀díẹ̀, hítà á sì tún tan ara rẹ̀ láti mú un gbóná padà. Nínú èyí tí ó ṣì dára, fóòmù tí ó yí táǹkì ká ló ń há ooru mọ́. Nínú ògbólógbòó, fóòmù ti rin. Ẹ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, owó yín ló ń gbóná níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí hítà 1500 watts bá tan ara rẹ̀ lásán, tí gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, yúníìtì 2.25 ló jẹ yẹn. Ní April 2024, NERC gbé owó Band A dé ₦225 fún yúníìtì kan. Ní iye yẹn, ₦506 ni lójúmọ́, ó sì ju ₦15,000 lọ lóṣù. Òfin ọdún 2024 fi owó oṣù tí ó kéré jù sí ₦70,000. Ẹni tí ó ń gba iye yẹn ti fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ gbóná omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi lítà 20 tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀ ẹnì kan kò gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta yúníìtì kan. Ẹ wo rìsíìtì káàdì yín, kí ẹ fi iye tí ó wà níbẹ̀ ṣe tiyín.

Owó àtúnṣe tún wà. Ní apá Ewékorò àti Ṣágámù, òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà nínú ilẹ̀, omi kànga sì máa ń gbé ẹfun rẹ̀ dání. Ẹfun yẹn ni ẹ ń rí ní ìdí kẹ́tù. Ó ń lẹ̀ mọ́ irin tí ń mú omi gbóná títí irin náà yóò fi jó. Ọ̀pá magnesium kan tún wà nínú táǹkì. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ lining bíréèkì: òun ló ń jẹ kí dúrọ́ọ̀mù má baà jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá yìí ṣe ń jẹrà dípò táǹkì. Bí ó bá tán tí a kò pààrọ̀ rẹ̀, táǹkì ló kàn. Púlọ́ńbà mẹ́ta ló ti tú hítà wa, kò sí ọ̀kan tí ó dárúkọ ọ̀pá náà, gbogbo wọn ló sì gba owó.

Ohun tí ó mú wa dìde nìyí. Ọmọ wa obìnrin jáde láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára, ó ní omi ń gún òun. A ní kí ó padà lọ ṣan ara rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí ìyá rẹ̀ kọ̀. Rìwáyà tí a pè sọ fún wa pé irin inú hítà ti là, iná ti wọ inú omi, wáyà earth tí ó yẹ kí ó kó o wọ ilẹ̀ sì ti já, a kò mọ ìgbà tí ó já. Ó tún fi fáàlù kan hàn wá, èyí tí ó yẹ kí ó ṣí bí omi bá gbóná jù. Ẹnì kan ti fi irin dí i pa nítorí pé ó ń jò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí bọ́ílà mọ̀ pé omi tí ó bá di oru ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ. Òfin Factories Act ní kí a máa yẹ bọ́ílà wò, àwa náà kì í sì í gbà kí ọ̀gá kankan dí fáàlù lé wa lórí níbi iṣẹ́. Èyí tí ó wà lókè orí ọmọ wa nílé, a kò wò ó rí.

Onílé ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́. A kò bá a jà. A kó rìsíìtì àwọn púlọ́ńbà àti ti rìwáyà síwájú rẹ̀, pẹ̀lú iye káàdì tí a rà ní oṣù tí hítà wà ní títàn àti ní oṣù tí a pa á. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà kí a ra tuntun ní ìdajì-ìdajì, kí ìdajì tiwa kúrò nínú owó ilé, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní báyìí, a ń tan án ní nǹkan bí wákàtí kan kí a tó wẹ̀, a sì ń pa á kí ẹnikẹ́ni tó wọ ilé ìwẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé yìí, kọ́múrédì wa kan tí ó jẹ́ rìwáyà yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé. Kí ẹni tí hítà wà nílé rẹ̀ kọ àdírẹ́sì sílẹ̀. Kò ní gba owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ nìkan ni ẹ ó fún un. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ pa hítà náà níbi swíìṣì ara ògiri, kí ẹ sì lọ wo bóyá ẹnì kan ti dí fáàlù tiyín.